Ẹ Pe Àwọn Tí Ará Ìlú Yàn Jókòó: Ọ̀rọ̀ Ilé Aṣòfin Bọ́mà

Ní ọjọ́ 27, oṣù Karùn-ún, ọdún 1990, àwọn ará Bọ́mà jáde lọ dìbò. Ọgbọ̀n ọdún gbáko ti kọjá tí ẹgbẹ́ òṣèlú tó ju ẹyọ kan lọ ti jọ du ipò kẹ́yìn nílẹ̀ náà. Nínú ọgọ́rùn-ún ènìyàn tó lẹ́tọ̀ọ́ láti dìbò, nǹkan bí 72 ló jáde. Ìjókòó 485 ni wọ́n du. Ẹgbẹ́ NLD, ìyẹn Ẹgbẹ́ Àpapọ̀ fún Ìjọba Tiwa-n-tiwa, gba 392 nínú rẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé wọ́n ti olórí ẹgbẹ́ náà, Aung San Suu Kyi, mọ́lé láti ọdún tó ṣáájú. Ẹgbẹ́ NUP tó jẹ́ ti àwọn sójà gba 10 péré.

Àwọn sójà fúnra wọn ló ṣètò ìbò yìí. Àwọn ló kà á, àwọn náà ló kéde rẹ̀. Síbẹ̀, àwọn aṣòfin 485 yẹn kò jókòó pọ̀ nínú ilé aṣòfin fún ọjọ́ kan ṣoṣo.

Ohun kan ni àpilẹ̀kọ yìí wá sọ. Bí ará ìlú bá ti dìbò yan aṣòfin, ìbéèrè kan ṣoṣo ló kù tó yẹ kí wọ́n bi ìjọba ológun: ọjọ́ wo ni ilé máa jókòó? Gbogbo ìbéèrè mìíràn tí ọ̀gágun bá gbé dìde lẹ́yìn ìyẹn, ọ̀nà àtijẹ àkókò ni. Ìtàn Bọ́mà, tí ìjọba ológun sọ di Myanmar ní ọdún 1989, ló fi èyí hàn kedere ju ti ibikíbi lọ, torí pé ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n ti lo ọgbọ́n kan náà fún àwọn ará ibẹ̀.

Bọ́mà tí àwọn àgbà mọ̀

Orúkọ Bọ́mà kì í ṣe àjèjì nílẹ̀ Yorùbá. Nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọmọ Nàìjíríà wà nínú Dífíṣọ̀n 81 àti Dífíṣọ̀n 82 ti Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì kó sọdá òkun láti lọ bá àwọn ará Jàpáànù jà ní Bọ́mà. Ọ̀kan nínú wọn ni Isaac Fadoyebo, ọmọ Ẹ̀múré-Ilé lẹ́bàá Ọ̀wọ̀. Ní ọdún 1944, ìbọn bà á létí odò Kaladan ní ìpínlẹ̀ Arakan, tí wọ́n ń pè ní Rakhine báyìí, ẹsẹ̀ rẹ̀ bàjẹ́, kò sì lè rìn mọ́. Òun àti David Kargbo, ọmọ Sierra Leone, ló kù sínú igbó tí àwọn ọ̀tá yí ká. Àgbẹ̀ Mùsùlùmí kan tó ń jẹ́ Shuyiman ló ń gbé oúnjẹ wá fún wọn, tó sì gbà wọ́n sílé nígbà tó yá. Ọ̀pọ̀ oṣù ló fi ṣe bẹ́ẹ̀. Bí àwọn sójà Jàpáànù bá gbọ́ pẹ́nrẹ́n, wọn ì bá pa òun, ìyàwó àti ọmọ rẹ̀.

Àwọn Mùsùlùmí Arakan náà dìbò ní ọdún 1990. Ẹgbẹ́ òṣèlú kan tó jẹ́ ti àwọn Rohingya gba ìjókòó mẹ́rin nínú ilé aṣòfin náà. Torí náà, nígbà tí àwọn ọ̀gágun kọ̀ láti ṣílẹ̀kùn ilé, ẹnu àwọn tó ṣe ọmọ Ẹ̀múré-Ilé lóore wà lára ẹnu tí wọ́n dí.

Ìlérí ọ̀gágun

Bọ́mà gba òmìnira lọ́wọ́ Gẹ̀ẹ́sì ní ọjọ́ 4, oṣù Kìn-ín-ní, ọdún 1948. Aung San, baba Suu Kyi, tó ṣaájú ìjà òmìnira náà, kò rí ọjọ́ yẹn. Wọ́n ti yìnbọn pa á ní oṣù Keje ọdún 1947 níbi tó ti ń ṣèpàdé pẹ̀lú ìgbìmọ̀ rẹ̀. Ilé aṣòfin ni orílẹ̀-èdè náà fi bẹ̀rẹ̀, pẹ̀lú gbogbo ariwo àti àìpé tó wà nínú rẹ̀, àti ogun abẹ́lé tó ń jà lẹ́yìn odi. Ní ọjọ́ 2, oṣù Kẹta, ọdún 1962, Ọ̀gágun Ne Win gbàjọba. Ó fòpin sí ilé aṣòfin, kò sì pẹ́ tó fi sọ gbogbo òṣèlú di ti ẹgbẹ́ kan ṣoṣo.

Ọdún 1987 ni ohun tí ìjọba náà fi ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n ṣe fojú hàn sí gbogbo ayé. Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún yẹn, ìjọba kéde pé bébà owó kyat 25, 35 àti 75 kì í ṣe owó mọ́, kò sì sí pàṣípààrọ̀ fún ẹnikẹ́ni. Obìnrin tó ń tajà, akẹ́kọ̀ọ́ tó ti tọ́jú owó iléèwé, àgbẹ̀ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ta ìrẹsì, bébà lásán ló kù sí wọn lọ́wọ́. Kí ọdún náà tó parí, Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé ti ka Bọ́mà mọ́ àwọn orílẹ̀-èdè tó tòṣì jù lọ, ilẹ̀ tó jẹ́ pé nígbà kan, kò sí orílẹ̀-èdè tó ń kó ìrẹsì tà sókè òkun tó o.

Ní ọjọ́ 8, oṣù Kẹjọ, ọdún 1988, ara kò gbà á mọ́. Akẹ́kọ̀ọ́, mọ́ǹkì ẹlẹ́sìn Búdà, òṣìṣẹ́ ìjọba àti ọlọ́jà tú sígboro Rangoon àti àwọn ìlú ńlá mìíràn. Sójà yìnbọn lù wọ́n, ẹ̀mí tó sì lọ kò kéré. Ní ọjọ́ 18, oṣù Kẹsàn-án, Ọ̀gágun Saw Maung gba ìjọba, ó sì dá ìgbìmọ̀ tí gbogbo ayé mọ̀ sí SLORC sílẹ̀. Ó ṣèlérí pé òun máa ṣètò ìdìbò tí ẹgbẹ́ púpọ̀ máa kópa nínú rẹ̀, pé àwọn ológun á sì padà sí bárékè.

Ìlérí náà kò mọ sórí ọ̀rọ̀ ẹnu. Ní oṣù Karùn-ún ọdún 1989, SLORC gbé òfin ìdìbò jáde, èyí tó sọ pé àwọn aṣojú tí wọ́n bá dìbò yàn láti ẹkùn kọ̀ọ̀kan ni yóò para pọ̀ di ilé aṣòfin. Òfin tí sójà fọwọ́ ara wọn kọ ni. Orí òfin yẹn ni àwọn olùdíje fi forúkọ sílẹ̀, orí rẹ̀ náà ni ará ìlú fi tò lórí ìlà láàárọ̀ ọjọ́ ìbò.

Wọ́n yí ìbéèrè padà

Nígbà tí èsì ìbò jáde, ọ̀rọ̀ yí padà. Ní ọjọ́ 27, oṣù Keje, ọdún 1990, oṣù méjì géérégé lẹ́yìn ìbò, SLORC gbé ìkéde kan jáde tí wọ́n fún ní nọ́ńbà 1/90. Wọ́n ní ọwọ́ àwọn ni agbára ìṣòfin, agbára ìṣàkóso àti agbára ìdájọ́ ṣì wà. Wọ́n ní iṣẹ́ àwọn tí ará ìlú yàn kò ju pé kí wọ́n lọ kọ ìwé òfin orílẹ̀-èdè. Kò sí ohun tó jọ bẹ́ẹ̀ nínú òfin ìdìbò tí wọ́n fọwọ́ ara wọn kọ.

Ẹni tó bá ti raja, tó ti sanwó, tí ọlọ́jà wá di ọjà mú, tó ní kí wọ́n kọ́kọ́ jókòó ṣèpàdé lórí bí ó ṣe yẹ kí ènìyàn máa nájà, á tètè mọ ohun tó ṣẹlẹ̀ sí àwọn ará Bọ́mà. Ìbéèrè tí wọ́n jáde lọ dáhùn ni pé ta ni kó ṣe òfin fún wọn. Wọ́n ti dáhùn. Àwọn ọ̀gágun wá fi ìbéèrè mìíràn rọ́pò rẹ̀: irú òfin wo ló yẹ kí orílẹ̀-èdè ní? Ìbéèrè kejì yìí kò lópin, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi yàn án.

Ọjọ́ kejì ìkéde náà, àwọn aṣòfin NLD kóra jọ sí Gbọ̀ngàn Gandhi ní Rangoon. Ọjọ́ méjì ni wọ́n fi ṣèpàdé, wọ́n sì parí rẹ̀ pẹ̀lú ìkéde tiwọn: kí SLORC pe ilé aṣòfin jókòó ní oṣù Kẹsàn-án ọdún yẹn. Àwọn aṣòfin náà kò bẹ̀bẹ̀ fún àánú, wọn kò sì pe ẹnikẹ́ni síjà. Wọ́n dá ọjọ́, wọ́n sì tọ́ka sí òfin. Ẹjọ́ tí sójà ń rò pé kò sí ìwé òfin tí ilé náà fẹ́ fi ṣiṣẹ́ kò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀, torí ẹgbẹ́ NLD ti ní ìwé òfin ìgbà díẹ̀ lọ́wọ́, èyí tí wọ́n gbé ka ti ọdún 1947.

Oṣù Kẹsàn-án dé, wọ́n mú Kyi Maung, kọ́nẹ́ẹ̀lì tó ti fẹ̀yìn tì tó sì darí NLD dé ìṣẹ́gun nígbà tí Suu Kyi wà ní àhámọ́. Àwọn aṣòfin mìíràn tẹ̀lé e lọ sí ẹ̀wọ̀n. Ní Mandalay, àwọn mọ́ǹkì ṣe ohun tí kò sí ìbọn tó lè dí i lọ́wọ́: wọ́n dojú àwo dé. Nínú ẹ̀sìn Búdà nílẹ̀ náà, ẹni tó bá fi oúnjẹ sínú àwo mọ́ǹkì ló ń gba ìbùkún. Bí àwọn mọ́ǹkì bá kọ oúnjẹ sójà àti ti ìdílé rẹ̀, wọ́n ti yọ ọ́ kúrò nínú oore ẹ̀sìn nìyẹn. Ìtìjú náà dun àwọn ọ̀gágun dé egungun. Ní oṣù Kẹwàá, sójà ya wọ àwọn ilé ẹ̀sìn, wọ́n sì kó ọ̀pọ̀ mọ́ǹkì lọ.

Ìpàdé orílẹ̀-èdè tí wọ́n ní àwọn fẹ́ fi kọ ìwé òfin kò bẹ̀rẹ̀ títí di oṣù Kìn-ín-ní ọdún 1993. Nínú bí ẹni 700 tó wà níbẹ̀, àwọn tí ará ìlú dìbò yàn kò tó ìdá kan nínú márùn-ún. Ìjọba ológun ló fọwọ́ mú àwọn tó kù. Ẹgbẹ́ NLD bínú jáde ní oṣù Kọkànlá ọdún 1995. Ní ọdún 1996, ìjọba ológun gbé òfin kan jáde tó sọ pé ẹni tó bá ta ko ìpàdé náà lè lọ sí ẹ̀wọ̀n ogún ọdún. Ọdún 2007 ni ìpàdé ọ̀hún tó parí. Ọmọ tí wọ́n bí lọ́jọ́ tí àwọn òbí rẹ̀ dìbò ti pé ọdún mẹ́tàdínlógún nígbà náà.

Ọgọ́ta ọjọ́

Ní oṣù Kẹfà ọdún 1998, ẹgbẹ́ NLD kọ̀wé sí ìjọba ológun. Wọ́n ní kí ó pe ilé aṣòfin tí wọ́n yàn ní 1990 jókòó láàrin ọgọ́ta ọjọ́, kí ó má kọjá ọjọ́ 21, oṣù Kẹjọ. Àwọn sójà bẹ̀rẹ̀ sí í kó àwọn aṣòfin kiri, wọ́n ní kí wọ́n máa wá forúkọ sílẹ̀ ní àgọ́ ìjọba, kí wọ́n má kúrò ní ìlú wọn.

Suu Kyi, tí wọ́n ti tú sílẹ̀ kúrò ní àhámọ́ ní ọdún 1995, gbéra láti Rangoon lọ sí Bassein kí ó lè bá àwọn ọmọ ẹgbẹ́ rẹ̀ sọ̀rọ̀. Lórí afárá kékeré kan lẹ́bàá abúlé Anyarsu, sójà dínà. Kò yísẹ̀ padà. Ọjọ́ mẹ́fà ló lò nínú ọkọ̀, títí tí àwọn sójà fi gba ìdarí ọkọ̀ náà tí wọ́n sì fi ipá wà á padà sí Rangoon. Ní ọjọ́ 12, oṣù Kẹjọ, ó tún jáde. Ọkọ̀ akérò kékeré ni wọ́n gbé lọ lọ́tẹ̀ yìí. Afárá kan náà, sójà kan náà. Ọjọ́ mẹ́tàlá ló fi jókòó síbẹ̀, nínú oòrùn àti òjò, pẹ̀lú ìwọ̀nba oúnjẹ àti omi tí wọ́n gbé dání, kí àìlera tó dá a padà sílé.

Ọjọ́ 21, oṣù Kẹjọ, bọ́ sí àárín ọjọ́ mẹ́tàlá yẹn. Ọjọ́ tó yẹ kí ilé aṣòfin jókòó, orí afárá ni olórí ẹgbẹ́ tó gba ìjókòó mẹ́rin nínú márùn-ún wà, tí sójà dínà mọ́ ọn.

Nígbà tí ọjọ́ tí wọ́n dá kọjá, àwọn aṣòfin ṣe ohun tó kù lọ́wọ́ wọn. Ní ọjọ́ 16, oṣù Kẹsàn-án, wọ́n dá ìgbìmọ̀ ẹlẹ́ni mẹ́wàá kan sílẹ̀ tí yóò dúró fún ilé aṣòfin, CRPP. Aṣòfin 251 ló fún ìgbìmọ̀ náà láṣẹ. Nọ́ńbà yẹn ṣe pàtàkì. Ìdajì 485 kò tó 243, ìyẹn ni pé àwọn tó buwọ́ lù ú lé ní ìdajì gbogbo àwọn tí ará ìlú yàn, láìka àwọn tó ti kú tàbí tó wà ní ẹ̀wọ̀n kúrò. Ìgbìmọ̀ náà kéde pé òfin tí ìjọba ológun ti ń ṣe láti ọdún 1988 kì í ṣe òfin, àyàfi tí ilé aṣòfin bá fọwọ́ sí i.

Àwọn tó yẹ kó wà níbẹ̀

Ó rọrùn láti máa pe 485 bí ẹni ń ka owó. Ènìyàn ni wọ́n.

Hla Than ni wọ́n dìbò yàn ní erékùṣù Coco. Ẹ̀wọ̀n Insein ni wọ́n jù ú sí dípò ilé aṣòfin, àìsàn sì pa á ní ọdún 1996 nígbà tó ṣì jẹ́ ẹlẹ́wọ̀n. Aye Tha Aung, ọmọ Rakhine, jẹ́ akọ̀wé CRPP. Wọ́n mú un ní ọdún 2000, wọ́n sì dá ẹ̀wọ̀n ọdún mọ́kànlélógún fún un.

Kyaw Min jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn Rohingya mẹ́rin tó wọlé ní 1990. Buthidaung ló ń ṣojú fún, ó sì wà nínú CRPP. Ní ọdún 2005, wọ́n dá ẹ̀wọ̀n ọdún mẹ́tàdínláàádọ́ta fún un. Wọn kò dúró lórí rẹ̀: ìyàwó rẹ̀ àti àwọn ọmọ rẹ̀ gba ọdún mẹ́tàdínlógún ẹnì kọ̀ọ̀kan. Ọmọ rẹ̀ obìnrin, Wai Wai Nu, jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ òfin nígbà tí wọ́n gbé e lọ. Ọdún méje ló lò kí wọ́n tó tú gbogbo wọn sílẹ̀ ní ọdún 2012.

Ẹ wo ohun tó tẹ̀lé e. Ní ọdún 2015, wọ́n gba ẹ̀tọ́ ìdìbò lọ́wọ́ àwọn Rohingya pátápátá. Ní ọdún 2017, sójà dáná sun abúlé wọn, àwọn tó lé ní 700,000 sì sá lọ sí Bangladesh. Àwọn tí aṣojú mẹ́rin wà fún ní 1990 kò ní ẹyọ kan nílé aṣòfin lọ́jọ́ tí iná ń jó ilé wọn. Ìjọba NLD ló wà lórí oyè nígbà yẹn, kò sì sọ̀rọ̀ tó yẹ kó sọ. Suu Kyi fúnra rẹ̀ lọ sí ìlú The Hague ní oṣù Kejìlá ọdún 2019 láti gbè sẹ́yìn orílẹ̀-èdè rẹ̀ nínú ẹjọ́ tí Gáḿbíà pè. Ẹ̀ṣẹ̀ ńlá ni, kò sì yẹ kí ẹni tó ń jà fún ilé aṣòfin Bọ́mà bò ó mọ́lẹ̀. Ṣùgbọ́n ìgbìmọ̀ CRPP fi hàn pé ọ̀nà mìíràn wà tí wọ́n lè gbà: Bọ́mà, Shan, Rakhine àti Rohingya ti jọ wà nídìí tábìlì kan nígbà kan, gẹ́gẹ́ bí ẹlẹgbẹ́, torí pé ìbò ló gbé gbogbo wọn débẹ̀.

Nàìjíríà mọ irú rẹ̀

Ní ọjọ́ 4, oṣù Keje, ọdún 1992, àwọn ọmọ Nàìjíríà dìbò yan sẹ́nétọ̀ àti àwọn aṣojú sílé aṣòfin. Babangida, olórí ìjọba ológun nígbà náà, ṣí ilé náà ní oṣù Kejìlá, ṣùgbọ́n agbára gidi ṣì wà lọ́wọ́ ìjọba ológun. Nígbà tí wọ́n fagi lé ìbò ààrẹ ti June 12 ní ọdún 1993, ilé aṣòfin wà níbẹ̀, kò sì lágbára àtidá a dúró. Ní oṣù Kọkànlá ọdún kan náà, Abacha gbàjọba, ó sì tú ilé ká.

Ní oṣù Karùn-ún ọdún 1994, oṣù tí wọ́n dá NADECO, àjọ tó ń jà fún ìjọba tiwa-n-tiwa, sílẹ̀, àwọn sẹ́nétọ̀ kan tí Abacha tú ká tún kóra jọ lábẹ́ Ameh Ebute. Wọ́n ní àwọn kò gbà pé sójà lè fi ọ̀rọ̀ orí rédíò gba ipò tí ará ìlú fi ìbò fún àwọn, wọ́n sì ní kí Abacha kúrò lórí oyè. Wọ́n kó wọn, wọ́n sì fẹ̀sùn ọ̀tẹ̀ sí ìjọba kàn wọ́n. Bọ́lá Ahmed Tinúbú, tó ń ṣojú Ìwọ̀-Oòrùn Èkó, wà lára wọn. Ìpàdé ìwé òfin ni Abacha náà gbé síwájú, gẹ́gẹ́ bí SLORC ti ṣe. Ìbéèrè ọmọ Nàìjíríà ni pé níbo ni ẹni tí a dìbò yàn wà. Èsì tó gbà ni pé kí gbogbo ìlú lọ jíròrò ìwé òfin ní Àbújá.

Ikú Abacha ní oṣù Kẹfà ọdún 1998 ló tú Nàìjíríà sílẹ̀. Oṣù yẹn gan-an ni NLD kọ lẹ́tà ọgọ́ta ọjọ́ rẹ̀. Abiọ́lá, tó jáwé olúborí nínú ìbò June 12, kò jáde láàyè ní àhámọ́ ní tirẹ̀, ṣùgbọ́n láàrin ọdún kan, ilé aṣòfin tuntun ti jókòó ní Àbújá. Àwọn ọ̀gágun Bọ́mà wà níbi tí wọ́n wà.

Ìṣirò ìdá mẹ́rin

Ìwé òfin tí wọ́n fi ọdún mẹ́rìnlá kọ jáde ní ọdún 2008. Ìjì líle Nargis ṣẹ̀ṣẹ̀ pa ènìyàn tó lé ní 100,000 ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Karùn-ún. Òkú ṣì wà nínú omi ní ẹnu odò Irrawaddy nígbà tí ìjọba ológun ní kí ará ìlú wá dìbò lórí ìwé òfin. Wọ́n ní ìdá 92 nínú ọgọ́rùn-ún ló fọwọ́ sí i.

Ohun tó wà nínú ìwé náà yẹ kí ènìyàn fara balẹ̀ ṣírò. Ilé aṣòfin méjèèjì ní ìjókòó 664. Olórí ọmọ ogun ló ń fọwọ́ mú 166 nínú rẹ̀, ìyẹn ìdá kan nínú mẹ́rin, láìsí ìbò. Èyí tí ará ìlú lè dìbò fún kù 498. Ìwé òfin ní kí ẹnikẹ́ni tó lè tún orí tó ṣe kókó nínú ìwé náà kọ, ó gbọ́dọ̀ rí ohùn tó ju ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin lọ. Ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin 664 ni 498 gééré. Bí ẹgbẹ́ kan bá gba gbogbo ìjókòó tí ará ìlú ń dìbò fún láìku ẹyọ kan, ó ṣì nílò sójà kan tó máa nawọ́ sókè.

Pẹ̀lú gbogbo ààbò yìí, wọn kò lè fara da ìṣẹ́gun NLD ní ọdún 2020. Ní ọjọ́ 8, oṣù Kọkànlá, ọdún 2020, NLD gba 396 nínú ìjókòó 476 tí wọ́n du. Ẹgbẹ́ USDP ti àwọn sójà gba 33. Àwọn ọ̀gágun pariwo pé wọ́n ṣe màgòmágó. Àwọn alákìíyèsí láti Carter Center àti ANFREL kò rí ohun tó lè yí èsì náà padà.

Ọjọ́ 1, oṣù Kejì, ọdún 2021 ni ilé aṣòfin tuntun fẹ́ jókòó ní Naypyidaw. Àwọn aṣòfin ti dé láti ìpínlẹ̀ wọn, wọ́n wà ní ilé àlejò ìjọba. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ náà, obìnrin kan tó ń kọ́ni ní eré ìdárayá gbé kámẹ́rà sílẹ̀ sí ìta gbangba, ó ń jó bó ṣe máa ń ṣe. Lẹ́yìn rẹ̀ ni ọ̀wọ́ ọkọ̀ dúdú ti ń kọjá, tí wọ́n ń dorí kọ ilé aṣòfin. Àwọn tó wà nínú ọkọ̀ náà kò lọ jókòó. Ọ̀gágun Min Aung Hlaing ti gbàjọba, Ààrẹ Win Myint àti Suu Kyi ti wà ní àhámọ́, sójà sì ti yí ilé àlejò àwọn aṣòfin ká.

Lọ́jọ́ kẹrin oṣù náà, nǹkan bí àádọ́rin aṣòfin dìde nínú ọgbà ilé àlejò yẹn, wọ́n búra fún ara wọn. Lọ́jọ́ karùn-ún, wọ́n dá ìgbìmọ̀ sílẹ̀ láti dúró fún ilé aṣòfin, gẹ́gẹ́ bí àwọn ti 1998 ti ṣe. Phyo Zeya Thaw, olórin tó di aṣòfin NLD ní 2012, ni sójà pa pẹ̀lú ẹni mẹ́ta mìíràn ní oṣù Keje ọdún 2022. Ní oṣù Kẹta ọdún 2023, ìjọba ológun tú ẹgbẹ́ NLD ká. Nígbà tó di òpin ọdún 2025, wọ́n bẹ̀rẹ̀ ìdìbò tuntun tí ẹgbẹ́ tó jáwé olúborí ní 2020 kò lè forúkọ sílẹ̀ fún.

Ohun tó yẹ kí wọ́n béèrè

Àwọn kan máa ń sọ pé ọ̀rọ̀ ti pẹ́, pé sáà ọdún márùn-ún àwọn aṣòfin 2020 ti kọjá. Ọdún tí ènìyàn lò nínú ẹ̀wọ̀n tàbí nínú igbó kì í ṣe ọdún iṣẹ́ aṣòfin. Bí ẹni tó ji ọdún náà bá lè fi jíjí rẹ̀ ṣe ẹ̀rí pé ó ti tán, kò sí ìbò kankan tó lè dúró níbikíbi láyé, torí gbogbo ohun tí ológun máa ṣe ò ju kó dúró de ọjọ́ lọ.

Àwọn mìíràn ní Bọ́mà á fọ́ tí sójà bá kúrò, torí ẹ̀yà pọ̀ níbẹ̀. Ogun ti ń jà nílẹ̀ náà láti ọdún 1948, sójà ló sì ti ń jà á jù. Láti 2021, ó ti tàn dé àárín gbùngbùn ilẹ̀ náà níbi tí ìbọn ti dákẹ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ní 1990, àwọn Shan gba ìjókòó 23, àwọn Rakhine 11, àwọn ẹ̀yà mìíràn náà rí tiwọn. Wọ́n ti gbà láti wá jà nínú ilé, pẹ̀lú ẹnu. Ìjọba ológun ló lé wọn padà sídìí ìbọn.

Torí náà, ohun mẹ́ta ni ìpè sí àwọn ọ̀gágun náà gbọ́dọ̀ ní nínú, kí ó sì máa tẹ̀lé ara wọn bẹ́ẹ̀. Èkíní, kí wọ́n tú gbogbo aṣòfin tí wọ́n dìbò yàn sílẹ̀, àti Win Myint àti Suu Kyi tí wọ́n dá ẹ̀wọ̀n ọ̀pọ̀ ọdún fún. Èkejì, kí wọ́n dá ọjọ́ kan pàtó tí ilé aṣòfin máa jókòó, láìsí sójà 166 tí ẹnikẹ́ni kò dìbò fún. Ẹ̀kẹta, kí ilé yẹn fúnra rẹ̀ ṣètò ìwé òfin tuntun àti ìbò tuntun, pẹ̀lú àwọn ẹ̀yà tí ń bá ìjọba jà, àti pẹ̀lú àwọn Rohingya lórí ìwé ìdìbò. Bí ọ̀gágun bá ní kí ẹ̀kẹta ṣáájú èkejì, ìkéde 1/90 ló tún ń kà.

Àwọn ìjọba Áfíríkà náà ní iṣẹ́ tiwọn. Gáḿbíà, orílẹ̀-èdè kékeré tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bọ́ lọ́wọ́ apàṣẹwàá Jammeh, ló gbé Bọ́mà lọ sí ilé ẹjọ́ àgbáyé lórí ọ̀rọ̀ Rohingya ní ọdún 2019. Kò dúró de ẹni tó tóbi jù ú lọ. Ní Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé, Kyaw Moe Tun, tí ìjọba tí ará ìlú yàn rán lọ, kọ̀ láti ṣiṣẹ́ fún àwọn ọ̀gágun láti oṣù Kejì ọdún 2021, ìjà lórí ẹni tó yẹ kó jókòó síbẹ̀ sì ń padà wá lọ́dọọdún. Ààrẹ tó wà lórí oyè ní Nàìjíríà lónìí, Tinúbú, jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn sẹ́nétọ̀ tí ìjọba ológun pè lẹ́jọ́ ọ̀tẹ̀ ní 1994 torí pé wọ́n ní ipò tí ará ìlú fún àwọn kò tíì kúrò lọ́wọ́ àwọn. Kí aṣojú Nàìjíríà ní New York dìde lọ́dọọdún tí ọ̀rọ̀ ìjókòó Bọ́mà bá dé, kí ó sọ ohun tí àwọn sẹ́nétọ̀ yẹn sọ, kí ó sì fi ìbò Nàìjíríà sẹ́yìn àwọn tí ará Bọ́mà dìbò yàn ní ọjọ́ 8, oṣù Kọkànlá, ọdún 2020.